Omi Rẹ̀ Ni Kí O Máa Tọ́jú

Àyọ̀ká ọmọ mi,

Mo rí àwòrán bẹ́tà tí o fi ránṣẹ́ lánàá. Ẹja náà rẹwà. Ara rẹ̀ dúdú bí aró, lẹbẹ rẹ̀ pupa, ó sì tẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí aṣọ tí atẹ́gùn ń gbé. Ṣùgbọ́n ife gíláàsì tí o fi í sí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ife ti tó fún bẹ́tà láti gbé inú rẹ̀, torí pé ó ń mí afẹ́fẹ́. Lóòótọ́ ló ń mí i. Yàtọ̀ sí bí ẹja yòókù ṣe ń mí, ó ní ẹ̀yà ara kan nínú orí tó fi ń gba afẹ́fẹ́ bíi tiwa. Jókòó tì í díẹ̀, wàá rí i tí yóò fẹnu kan ojú omi, tí yóò gbé afẹ́fẹ́ mì, tí yóò sì padà sísàlẹ̀. Ohun tí ìyẹn ń ṣe fún un ni pé kì í tètè kú nínú omi tí kò dára. Ìyà náà ń jẹ ẹ́ síbẹ̀. Ní Thailand, níbi tí ìjọba ti sọ ọ́ di ẹja orílẹ̀-èdè wọn ní 2019, inú irà àti oko ìrẹsì ló ń gbé. Omi ibẹ̀ lè má jìn, àmọ́ ó gbòòrò, ewéko sì kún inú rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ti ẹja tí mo sìn kí a tó bí ọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mo sì rò pé ìmọ́tótó ni ìtọ́jú. Ní gbogbo Sátidé, màá gbé e jáde, màá da omi rẹ̀ nù pátá, màá fọ òkúta inú rẹ̀ títí yóò fi máa dán, màá sì fún kàǹrìnkàn inú fílítà, ìyẹn ohun tó ń sẹ́ omi, lábẹ́ omi ẹ̀rọ. Omi náà á mọ́ bíi dígí. Lọ́jọ́ kẹta, ẹja á wà nísàlẹ̀, lẹbẹ rẹ̀ á ká mọ́ ara. Nígbà tó yá, etí ìrù rẹ̀ dúdú, ó sì ń já jẹ. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo tún fi kún ìfọ̀. Ó kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni mo tó mọ ohun tí mò ń fọ̀ dànù. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń di àmóníà nínú omi, májèlé sì ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń gbé lára kàǹrìnkàn àti òkúta yẹn. Àwọn ló ń sọ àmóníà di náítíráìtì, tí òun náà burú, tí àwọn mìíràn sì ń sọ ìyẹn di náítíréètì tí ẹja lè fara dà bí kò bá pọ̀ jù. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n fi ń pọ̀ tó iṣẹ́. Èmi ń pa wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àyọ̀ká, ojú lásán kò lè mọ omi tó dára. Ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ omi wò.

Wá táǹkì tó gba nǹkan bíi lítà 20, tó ní ìdérí, torí bẹ́tà máa ń fò jáde. Kí fílítà rẹ̀ rọra máa ṣiṣẹ́. Omi tó ń sáré á máa gbé e kiri, á sì rẹ̀ ẹ́. Fi híítà àti tẹmómítà sí i, kí omi wà ní nǹkan bí 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ewé tó rọ̀ ni kí o fi sí i, torí ewé oníke máa ń ya lẹbẹ rẹ̀.

Níwọ̀n bí ẹja ti wà lọ́wọ́ rẹ ná, máa yẹ omi náà wò lójoojúmọ́. Bí àmóníà tàbí náítíráìtì bá ti yọjú, pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi náà lọ́jọ́ náà gan-an. Tí àwọn kòkòrò àìfojúrí yẹn bá ti pọ̀ tó iṣẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà ni kí o máa pààrọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Fi oògùn tó ń pa kílórìn, èròjà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nínú omi ẹ̀rọ, sí omi tuntun, kí ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ kí o tó dà á sí i. Inú omi tí o bù jáde ni kí o ti fún kàǹrìnkàn, má ṣe gbé e dé ìdí ẹ̀rọ.

Oúnjẹ oníhóró méjì tàbí mẹ́ta láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ náà nírọ̀lẹ́, ti tó o. Yóò máa tẹ̀ lé ìka rẹ bí ẹni tí ebi ń pa. Má dá a lóhùn.

O béèrè bóyá kí o ra akọ mìíràn tì í. Rárá o. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan.

Bí o bá rí ìfófòó kéékèèké tó kóra jọ sí igun kan lójú omi, má bù ú dànù. Ìtẹ́ ló ń kọ́. Akọ ló máa ń kọ́ ọ, kódà bí kò sí abo nítòsí.

Títí táǹkì yóò fi dé, gbé e kúrò nínú ife yẹn lálẹ́ òní. Korobá tó mọ́, tí ọṣẹ kò kàn rí, sàn jù ú lọ. Fi nǹkan tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé bò ó. Lẹ́yìn náà, ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mi ò ní tíì sùn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ