Ẹ bá wa sọ fún àwọn ọ̀gá atẹ̀wé, ìka ọmọ ju bébà lọ

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ gba ríṣíìtì tí wọ́n bá wa tẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì ní Ṣómólú, ṣọ́ọ̀bù kékeré ni, mọ́ṣín méjì péré ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú ẹ̀ jẹ́ Heidelberg àtijọ́ tí wọ́n fi ń lu nọ́ńbà sára ríṣíìtì. Ọmọ tó wà nídìí ẹ̀ ò lè ju ọdún 15 lọ. Gáàdì iwájú mọ́ṣín náà, ìyẹn irin tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ wọlé, wáyà ni wọ́n fi so ó sókè kó má bàa sọ̀ kalẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn, ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí nìyẹn.

Iṣẹ́ tí èmi náà kọ́ ni o. 1986 ni mo wọ ẹnu ẹ̀ ní Mọ́kọlá n'Íbàdàn, ọdún kan gbáko ni wọ́n fi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan mọ́ṣín. Òjé ni lẹ́tà yẹn, òdì la sì máa ń kà á, b á dà bíi d, p á dà bíi q. Tó bá wá jẹ́ ìwé ètò ìsìnkú lédè Yorùbá la fẹ́ tẹ̀, ẹ àti ọ á ti tán nínú àpótí ká tó dé ojú ewé kejì, a ó wá fi e àti o lásán dí i, tá a bá tẹ̀ ẹ́ tán a ó jókòó máa fi bírò kán àmì sí ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí bébà 200. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an. Ó dé ibi tó jẹ́ pé etí ni mo fi ń mọ̀ bóyá yíǹkì ti pọ̀ jù, tó bá ti pọ̀ jù rólà á máa dún ṣàà ṣàà bí ẹran nínú epo gbígbóná, tó bá ṣe déédéé ohùn ẹ̀ á rọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé bí ọwọ́ ṣe ń wọnú mọ́ṣín, torí ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀. Mọ́ṣín tá à ń fi ọwọ́ fún ní bébà, ṣe ló máa ń la ẹnu, wàá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé bébà sí i, wàá fi ọwọ́ òsì yọ èyí tó ti tẹ̀, ló bá tún pa ẹnu dé. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ yá lè tẹ̀ tó 1,000 ní wákàtí kan, ìyẹn ni pé láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àbọ̀ ọwọ́ ẹ ti wọlé ó ti jáde. Heidelberg ní ọwọ́ irin méjì tó ń yí bíi fáànù, òun ló ń mú bébà fúnra ẹ̀, ó lè tẹ̀ tó 5,000 ní wákàtí kan, kò tiẹ̀ nídìí tí ọwọ́ èèyàn fi yẹ kó dé ibẹ̀.

Àmọ́ bébà máa ń wọ́. Mọ́ṣín tí mo fi kọ́ṣẹ́ ní ọ̀pá kan lápá òsì, tó o bá ti tì í, ẹnu ẹ̀ á ṣì máa ṣí á máa pa dé ṣùgbọ́n kò ní tẹ̀, bébà kan ṣòfò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló ń kọ́ ọmọ pé kó kọ́kọ́ ti ọ̀pá yẹn? Tó bá tẹ̀ nígbà tí bébà ò sí níbẹ̀, yíǹkì á lẹ̀ mọ́ ibi tí bébà ń jókòó lé, á ba ẹ̀yìn bébà mẹ́ta mẹ́rin tó ń bọ̀ jẹ́, ọ̀gá á sì pariwo pé ta ló máa san owó bébà yẹn. Ọmọ tó ti gba ìfọ́tí lẹ́ẹ̀kan lórí ẹ̀, tí bébà bá tún wọ́, ọwọ́ ló máa kì bọ̀ ọ́ kó lè gbà á là. Ariwo bébà yìí ló ń gé ìka ọmọ o, mo ti rí i.

1989, ọmọ tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ pàdánù ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwé ìpè ìgbéyàwó la ń tẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n fẹ́ gbà á kílẹ̀ tó ṣú. Ọ̀gá wa san owó ọsibítù, ó ra ajá, wọ́n bọ Ògún, wọ́n ní Ògún ló ń bínú. Ìyá ọmọ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ó mú ọmọ ẹ̀ lọ sílé, ó parí síbẹ̀, kò ṣe fríìdọ̀mù. Ilé Ògún ni wọ́n bí mi sí, mi ò ní bú u, ṣùgbọ́n Ògún kọ́ ló yọ gáàdì mọ́ṣín wa, ojú mi ni wọ́n ṣe yọ ọ́ torí pé kì í jẹ́ kí iṣẹ́ yá.

Òfin sì wà. Factories Act ti 1987 ní kí wọ́n fi gáàdì bo ibi tó léwu lára mọ́ṣín. Employee's Compensation Act ti 2010 ka ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀, ló ń bójú tó o, náírà kan nínú 100 owó oṣù tí ọ̀gá ń san fún àwọn èèyàn ẹ̀ ló yẹ kó máa dá síbẹ̀, tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n á ti gba owó ìtọ́jú àti owó gbà-máà-bínú. Mélòó nínú àwa tá a ń tẹ̀wé ló gbọ́ ọ rí?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé e síta. Ẹ̀yin òbí, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí àgíríméǹtì ọmọ yín, ẹ wọlé lọ wo mọ́ṣín náà kí ẹ sì béèrè gáàdì ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ṣì ń lo lẹ́tà òjé ni, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ fọ ọwọ́ ẹ̀ kó tó jẹ búrẹ́dì ọ̀sán, òjé yìí kan náà ló pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ní Zamfara ní 2010, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ yọ owó bébà tó bàjẹ́ kúrò lọ́rùn ọmọ, ẹ kà á mọ́ owó iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀bù kejì tí mo ṣe nìyẹn, 50 bébà lé lórí 1,000, kò sẹ́ni tó pariwo níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pàdánù ìka.

Mo ti padà lọ bá ọ̀gá ọmọ Ṣómólú yẹn. Ó fún mi ní àga, ó bọ̀wọ̀ fún mi, ó ní “Bàbá, iṣẹ́ ló pọ̀,” ó ní tí iṣẹ́ bá rọlẹ̀ òun máa tú wáyà tí wọ́n fi so gáàdì náà. Mo ti sọ fún un pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú píláyà, kò sì sọ pé kí n má wá.

Èmi ni tiyín,
Atẹ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, Èkó.