Ẹ̀sùn lórí ẹ̀rọ ìrin-gbágùúdá tí ẹ tà fún mi

Òpópónà Ìlọrin,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni oníbàárà yín tó ra ẹ̀rọ ìrin-gbágùúdá oníná, èyí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín gbé wá tí wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì dè mọ́lẹ̀ níbi tí a ti ń ṣe gàrí. Mo ti kọ́kọ́ pè yín lórí fóònù pé ẹ̀rọ náà ti ṣe òṣìṣẹ́ mi kan léṣe lọ́wọ́. Ẹni tó gbé e ní kí n lọ kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ mi kí wọ́n yéé ṣe àìbìkítà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó tí mo ná nílé ìwòsàn lọ, òun ló sì jẹ́ kí n kọ ìwé yìí.

A ń rin ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ni iná lọ. Ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní kí òun tètè fọ ẹ̀rọ, torí bí ìdọ̀tí ẹ̀gẹ́ bá gbẹ mọ́ ojú páànù, ṣe ló máa ń kan. Ó ń fi ọwọ́ ha èyí tó há sáàárín páànù àti pákó lọ́wọ́ ni iná dé. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tẹ nǹkan kan. Ẹ mọ bí ojú páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ṣe máa ń rí. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Orí ìka ìlábẹ̀ àti ti àárín ni dókítà gé, lọ́wọ́ ọ̀tún, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán nírọ̀lẹ́.

Ẹ má pe èyí ní àìbìkítà. Irú swíìṣì tí wọ́n fi ń tan gílóòbù nílé lẹ fi sára ẹ̀rọ yìí. Bó bá wà ní títàn nígbà tí iná lọ, títàn náà ni iná máa bá a nígbà tó bá dé. Sítátà tó ní kọntáktọ̀, ìyẹn swíìṣì oníbọ́tìnnì tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ, kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bí iná bá ti lọ, ó já nìyẹn, iná ìbáà dé nígbà igba, ẹ̀rọ ò ní yí àfi bí èèyàn bá tún tẹ bọ́tìnnì. Wáyàmáànù àdúgbò ló là á yé mi. Nílùú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bí ò ṣe wù ú, ṣé ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ẹ̀rọ tà ò mọ èyí ni?

Swíìṣì náà ò tún níbi tí a lè fi àgádágodo há, kí ẹni tó ń fọ ẹ̀rọ lè ki kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò títí yóò fi parí. Bẹ́líìtì wà ní gbangba láìsí ohun tó bò ó. Bí a bá sì pa ẹ̀rọ náà, irin inú rẹ̀ wúwo débi pé ó ṣì máa ń yí fúngbà díẹ̀. Nígbà tí mo bi ọmọ iṣẹ́ yín bí a ó ṣe máa fọ̀ ọ́, ó ní, “Mọ́mì, ẹ ṣáà máa da omi lé e níbi tó ti ń yí, á fọ ara rẹ̀.” Omi, lórí ẹ̀rọ oníná tí wọn ò fa wáyà ẹ́ẹ̀tì sí, èyí tó ń gbé iná tó bá jò wọlẹ̀!

Òfin Factories Act ilẹ̀ wa, ìyẹn òfin ilé iṣẹ́, ní kí ààbò tó dúró dáadáa wà lára ibi tó léwu lára ẹ̀rọ. Òfin Federal Competition and Consumer Protection Act ti ọdún 2018 náà sọ pé bí ọjà tó ní àbùkù bá pa èèyàn lára, ẹni tó tà á ni yóò dáhùn.

Owó ilé ìwòsàn ọmọ yìí, ẹ̀yin lẹ máa san án. Mo fi rìsíìtì mọ́ ìwé yìí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá yọ swíìṣì yẹn, kí ẹ fi sítátà tó ṣeé tì pa sí i, kí ẹ bo bẹ́líìtì, kí ẹ sì fa ẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn pẹ̀lú, àti àlàyé bí a ṣe ń fọ ẹ̀rọ ní èdè Yorùbá tí a lè lẹ̀ mọ́ ọn lára, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ò gbọ́ Òyìnbó. Mo mọ̀ pé irú ẹ̀rọ yìí wà ní Ìkòyí-Ilé àti Orílé-Ìgbọ́n. Ẹ pe àwọn tó ń lò ó níbẹ̀ náà kí ọwọ́ ẹlòmíràn tó wọ̀ ọ́.

Bí n kò bá gbúròó yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà ni mo ń gbé e lọ. Mo ti ní kí wáyàmáànù já wáyà ẹ̀rọ náà. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ iná ni kẹ́ ẹ rán wá, kì í ṣe ẹni tó ń polówó ọjà.

Èmi oníbàárà yín,
Ìyá Elégàrí.