Àkànní, má jẹ́ kí òtútù gba Mísà lọ́wọ́ rẹ

Ṣábẹ̀ẹ́, oṣù Ṣẹ́rẹ́

Àkànní, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ níhìn-ín. Òrí là ń fi pa ètè, bẹ́ẹ̀ ni a kì í rí orí àpáta láàárọ̀.

O sọ lórí fóònù pé láti ìgbà tí yìnyín ti ń bọ́ ní Montreal, láti Sátidé títí di alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, inú ilé lo máa ń wà: o ń se ọbẹ̀, o ń wo bọ́ọ̀lù, o ń ya fọ́tò lójú fèrèsé. Mi ò bínú sí bọ́ọ̀lù. Bàbá rẹ náà fẹ́ràn rẹ̀, kò sì tìtorí ẹ̀ pa Mísà jẹ rí. Èmi ni mo pa á jẹ. Nígbà tí mo ń ná ọjà gààrí káàkiri, mo ní máa lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni ò lé mi o, ẹsẹ̀ mi ló gbàgbé ọ̀nà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa rẹ nìyẹn.

Bí ọjọ́ Ìsinmi bá le, lọ sí Mísà ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ìjọ kà á sí ti ọjọ́ Ìsinmi. Kó o tó padà wá dáná ọbẹ̀ rẹ.

Ẹ̀yin náà sì ní òkè lọ́hùn-ún, níbi tí ilé àdúrà Jósẹ́fù Mímọ́ wà. Wọ́n ní àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ 283, pé 99 nínú rẹ̀ jẹ́ pákó, orúnkún làwọn olùfọkànsìn fi ń gùn ún. Ó rán mi létí ọjọ́ tí mo pọ̀n ọ́ lọ sí ihò àpáta Arígbó ní Ìdáàṣà, níbi tí a ti ń bọlá fún Màríà Mímọ́, tí o sùn títí Mísà fi parí. Frère André tó bẹ̀rẹ̀ ilé àdúrà yẹn, ilẹ̀kùn ló ń ṣọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan fún nǹkan bí 40 ọdún. Ó ń fọṣọ, ó ń gẹrun fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ní 2010 ni Póòpù kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́. Ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn! Nítorí náà má rò pé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ jìnnà sí Ọlọ́run. Ya àtẹ̀gùn yẹn nínú yìnyín fún mi.

Ọjọ́ 2 oṣù Èrèlé, tí wọ́n ń súre sí àbẹ́là, ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Gba tìrẹ wálé. Màá tan tèmi fún ọ.

Ra bàtà tó nípọn. Pè mí ní alẹ́ Sátidé, bó o bá ti Mísà dé.

Ìyá rẹ