Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Èbúté Tí Àlejò Ń Gbà Sọdá sí Gbẹrẹfu

Sí Alága àti Ìgbìmọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀ Àgbádárìgì, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Àwa ẹgbẹ́ awakọ̀ ojú omi tí a ń gbé àlejò sọdá ọ̀sà láti Marina Àgbádárìgì lọ sí erékùṣù Gbẹrẹfu kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. A bẹ̀ yín pé kí ẹ bá wa tún ibi tí àlejò ti ń wọ ọkọ̀ ṣe, ní ìhà ìlú àti ní ìhà erékùṣù, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá wá wo Àgbádárìgì yóò kọ́kọ́ dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845, àti ibi tí igi Agia, èyí tí wọ́n wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní 1842, wà kí ó tó wó ní 1959. Yóò dé Vlekete, ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹrú, yóò wọ àgbàlá Sẹ̀ríkí Abass, oníṣòwò ẹrú, níbi tí wọ́n ti há ẹrú mọ́ yàrá 40, yóò sì rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi ń de ẹrú ní ilé ìdílé Mobee. Etí omi ni gbogbo rẹ̀ ń darí ẹni sí. Àwọn tí wọ́n tà nígbà náà gba orí ọ̀sà kọjá, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rin yanrìn Gbẹrẹfu, lẹ́bàá kànga tí wọ́n ní wọ́n ń bu omi rẹ̀ fún wọn mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí wọ́n tó dé etí òkun. Àlejò tí kò bá sọdá kò tíì rí ohun tó torí rẹ̀ wá, pàápàá àwọn tó ti Amẹ́ríkà àti Brazil wá láti tẹ ọ̀nà tí àwọn baba ńlá wọn tẹ̀. (Bóyá omi kànga náà ń múni gbàgbé ní tòótọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn afinimọ̀nà máa jà á níyàn, tiwa ni kí a gbé wọn débẹ̀ láìséwu.)

Pákó tí wọ́n ń tẹ̀ wọ ọkọ̀ ti jẹrà, kò sì sí ohun ìdìmú kankan. Àwọn ọmọ wa ló ń gbé àgbàlagbà pọ̀n, àwọn mìíràn a sì wo omi, wọn a padà sẹ́yìn. Àtẹ̀gùn oníkọnkéré, irin ìdìmú àti ibòji díẹ̀ ní ìhà Gbẹrẹfu ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Èkejì ni ewéko tó ń léfòó, tí ó ti ìhà Benin wọ ọ̀sà wa ní 1984, tí kò sì lọ mọ́. Bí òjò bá ti dé, a máa bo ojú omi, a máa wé mọ́ irin tó ń yí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ a sì kú láàárín omi pẹ̀lú èrò tí ẹ̀rù ti ń bà. A ti ṣetán láti fi ọkọ̀ àti ọwọ́ wa kó o, bí ẹ bá pèsè epo àti ilẹ̀ tí a óò dà á sí.

Ní ti owó, àlejò tó ti sanwó ní etí omi tún ń bá àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń gbowó láìfúnni ní rìsíìtì pàdé lójú ọ̀nà, àwa sì ni wọ́n ń pè ní olè. Kí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ẹyọ kan, kí wọ́n máa gbà á níbì kan, kí iye rẹ̀ wà lórí pátákó, kí owó láífù jákẹ́ẹ̀tì sì wà nínú rẹ̀.

A mọ̀ pé títì Èkó sí Àgbádárìgì ju agbára ìjọba ìbílẹ̀ lọ, nítorí náà a kò fi kún un.

A ń fẹ́ kí ẹ rán ẹlẹ́rọ yín wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, nígbà tí àlejò ń pọ̀, kí ó bá wa wọ ọkọ̀ lọ sí ìhà kejì. A kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé, ní orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.