Bàbá mi, mo ti ń fẹ́ràn ẹ̀rọ inú kíláàsì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú àfojúsọ́nà. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi mí sí láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ sì ti mọ́ mi lára.

Ẹ bi mí bóyá òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ àwọn ọmọ níbí. Rárá o, olùkọ́ ló ń kọ́ wọn. Àmọ́ n kò ní fi pa mọ́ fún yín pé ojú tí mo fi ń wo ẹ̀rọ wọ̀nyí nígbà tí mo dé ti yàtọ̀. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ń bà mí pé íntánẹ́ẹ̀tì á gba ọkàn àwọn ọmọ kúrò lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé olùkọ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì àti pátákó tó o.

Ẹ̀kọ́ ìdá ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo kọ́ wọn títí, mo bi wọ́n bóyá ó yé wọn, gbogbo wọn ní ó yé àwọn. Ẹ mọ ìdáhùn yẹn jù mí lọ. Olùkọ́ àgbà tó ń tọ́ mi sọ́nà wá ní kí n fi ìbéèrè kan sórí kọ̀ǹpútà wọn: nínú 1/4 àti 1/8, èwo ló tóbi jù? Kálukú dáhùn láìjẹ́ kí ẹnì kejì rí i. Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo ìdáhùn ti wà níwájú mi, àwọn tó mú 1/8 sì ju ìlàjì kíláàsì lọ. Wọ́n rí 8, wọ́n rí 4, wọ́n ní 8 ló pọ̀. Àwọn tó máa ń yára nawọ́ wà nínú wọn! Ká ní ìwé ni mo gbà jọ, ó di alẹ́ kí n tó mọ̀, wọn ì bá sì ti gbé àṣìṣe náà lọ sílé.

Ojú ẹsẹ̀ la tún un ṣe. Mo ṣí PhET fún wọn, ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọmọ ti lè fi àwòrán tó ń yí padà dán ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wò, èyí tí Carl Wieman, onímọ̀ físíìsì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2001, dá sílẹ̀ ní 2002 ní Yunifásítì Colorado ní Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ á fọwọ́ ara rẹ̀ pín nǹkan sí mẹ́rin, á tún pín in sí mẹ́jọ, á sì rí bí ègé ṣe ń kéré sí i bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá ló kọ́kọ́ ké pè mí láti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Bàbá, inú mi dùn gan-an.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo gbà. Tí aago bá ń ka ìṣẹ́jú àáyá lójú ẹ̀rọ, àwọn ọmọ á máa tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó ronú, nítorí náà mo máa ń pa aago ọ̀hún. N kì í jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ wọn gangan síbẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n sì ṣì fi ń ṣe iṣẹ́ sínú ìwé.

Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi wa láàárọ̀ kí ẹ̀kọ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ rántí? Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa bí ọpọlọ ènìyàn ṣe ń rántí nǹkan, dán irú rẹ̀ wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó gbìyànjú láti rántí ohun tí wọ́n kà mọ̀ ọ́n ju àwọn tó kàn ń kà á ní àkàtúnkà lọ. Èmi náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ báyìí, orí ẹ̀rọ ni mo ti ń ṣe tèmi.

Désímà ló kàn, mo sì nílò ìrànlọ́wọ́ yín. Ẹ̀rọ á kó ìdáhùn jọ kíá, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tí màá béèrè, àti àṣìṣe tó yẹ kí n tò sábẹ́ ìbéèrè kí ọmọ yàn nínú wọn. Mo ti kọ 0.35 àti 0.4 sílẹ̀, torí àwọn kan á ní 35 ju 4 lọ. Àwọn àṣìṣe wo lẹ tún máa ń bá pàdé jù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, ẹ má fi ìkankan sílẹ̀.

Ẹ bá mi kí Màmá àti àwọn àbúrò mi.

Èmi ni ọmọ yín.