Ọ̀rọ̀ Lèmọ́mù fún Jímọ̀ Ọ̀sẹ̀ Yìí: Ẹni Tó Ní Kí Wọ́n Yẹ Òun Wò

Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin jàmáà wa l'Óṣogbo. Ọ̀rọ̀ owó jàmáà àti ìbéèrè tí wọ́n ń bi nípa rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ní Súrà Yúsúfù, áyà 55, Ànọ́bì Yúsúfù ní kí ọba fi òun ṣe olórí ilé ìṣúra ilẹ̀ Íjíbítì, nítorí òun mọ ohun ìṣọ́ ọ́ ṣọ́, òun sì ní ìmọ̀. Áyà yìí dùn lẹ́nu ẹni tó bá ń wá ipò. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí áyà 50. Ọba ti ránṣẹ́ pè é lẹ́wọ̀n, kò jáde. Ó ní kí ìránṣẹ́ padà, kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó gé ara wọn lọ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n wẹ̀ ẹ́ mọ́ ní gbangba ló tó sọ̀rọ̀ ipò. Ànọ́bì Ọlọ́run mà ni o!

Lóde òní, ẹ wo Zulkifli Hasan ti ilẹ̀ Malaysia, ẹni tó kọ́ nípa àyẹ̀wò kó tó dépò. Ó ti ṣe olùkọ́ òfin rí ní USIM, yunifásítì Isláàmù kan níbẹ̀. Ìwádìí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì Durham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá lórí báwọn báńkì Isláàmù ṣe ń ṣọ́ ara wọn lábẹ́ Ṣẹ̀ríà. Ó di igbákejì mínísítà ní 2023, ó sì di mínísítà ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ní 2025. Lọ́dọ̀ tiwọn, àwọn onímọ̀ tó ń wo òwò báńkì Isláàmù kọ̀ọ̀kan bóyá ó jẹ́ hálààlì kò gbọ́dọ̀ dín ní márùn-ún, wọn kò sì sí lábẹ́ máníjà. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni, tí báńkì yẹn náà ń sanwó fún un, ẹnu rẹ̀ lè wúwo.

Àwa náà kò ṣàjèjì sí i. Ní 2013, Ọ̀ṣun gba ₦10 bílíọ̀nù sùkúùkù, ìyẹn owó tí aráàlú dá fún ìjọba láìsí èlé lórí rẹ̀, láti fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Owó háyà àwọn ilé náà nìjọba san fáwọn tó dáwó. Bí kò bá sí ìwé tó tọ́ka sí ilé tí owó náà kọ́, à bá ní èlé ni wọ́n jẹ.

Ẹni tó ń gbowó jàmáà, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, tó tún ń tọ́jú rẹ̀ sílé, ó ti sọ owó Ọlọ́run di owó àpò. Kéwú tó já gaara kò lè dípò rìsíìtì! Kí ẹni mẹ́ta máa ka owó sàráà kí wọ́n tó dìde níbẹ̀. Kí akọ̀wé kọ ọ́, kí akápò gbé e lọ sí báńkì lọ́jọ́ Ajé. Ẹni méjì ni kó máa buwọ́ lùwé kówó tó jáde, kí wọ́n sì kà á sétí gbogbo wa ní Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù. Kí ló wá dé tí a bi èèyàn ní ìbéèrè, tó ní wọ́n rí òun fín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gbé orúkọ ọmọlúàbí kiri lórí Wáásáàpù kí ìwé ìṣirò owó tó jáde, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹ̀sùn èké ló gbé Yúsúfù dé ẹ̀wọ̀n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ru ẹrù yìí láti ọjọ́ pípẹ́ láìgba kọ́bọ̀, a mọ̀ yín, a dúpẹ́. Ilé mi ṣí sílẹ̀ fún tọ̀tún-tòsì. Kí Ọlọ́run tún àárín wa ṣe. Àmín.

Ìkéde: Tàfúsírì di lẹ́yìn Mọ̀gáríbà ní Sátidé. Kí àwọn ọmọ ilé-kéwú mú wàláà wọn dání. Wọ́n ti tún ẹ̀rọ omi àlùwàlá ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tì í bẹ́ ẹ bá ṣe tán. Àsàlátù àwọn ìyá, agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Àìkú.