Owó tí a ta ilé yàtọ̀ sí èrè orí rẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Gbogbo ìgbà tí ìwé ìròyìn bá gbé e pé ẹnì kan ra ilé ní 10 mílíọ̀nù, tó sì tà á ní 15 mílíọ̀nù, kíá la máa ń pariwo pé ó jèrè 5 mílíọ̀nù. Irú ìṣirò yìí ń kó bá àwọn èèyàn.

Ẹ wo ilé yẹn dáadáa. Lọ́jọ́ tó rà á, ó san 500,000 fún lọ́yà àti ìwé ilé. Ó kọ́ yàrá méjì kún un, ìyẹn gba 1,500,000. Nígbà tó fẹ́ tà á, alágbàtà gba 750,000. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ owó tó fi rà á, ó di 12,750,000. Èrè tó kù kò ju 2,250,000 lọ, orí ìyẹn sì ni wọ́n ti ń gba owó orí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ọ̀dà tó ń kùn àti òrùlé tó ń jò tó dí kò sí níbẹ̀ o. Àtúnṣe lásán nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ta ló tọ́jú rìsíìtì? Ibí yìí ló ń dùn mí jù. Yàrá tí wọ́n ti kọ́ kún ilé láti ogún ọdún, ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ti sọnù, bíríkìlà náà ò sì sí nítòsí mọ́. Àwọn agbowó-orí kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Onílé á wá san owó orí lórí owó tó ti ná tán.

Ní ti ìpín ìdókòwò, ìyẹn ìpín téèyàn rà nínú ilé-iṣẹ́, bí iye rẹ̀ bá lọ sókè tí ẹ ò tíì tà á, orí ìwé ni èrè yẹn ṣì wà. Àkókò títà náà ṣe pàtàkì: ní Amẹ́ríkà, owó orí ẹni tó di ìpín rẹ̀ mú ju ọdún kan lọ sábà máa ń kéré sí ti ẹni tó kánjú tà á.

Ohun kan tún wà tí mi ò gbà pé ó tọ́. Bí gbogbo ọjà bá ti gbówó lórí ní ìlọ́po méjì, tí ilé náà sì ṣe bẹ́ẹ̀, èrè wo ló wà níbẹ̀? Síbẹ̀, wọ́n á gba owó orí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ti ọ̀wọ́n gógó kúrò nínú ìṣirò ní 1982, wọ́n sì dá a dúró fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní 1998. Ó yẹ kí wọ́n má dá a dúró.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá tún fẹ́ gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọdún tí wọ́n ra ilé náà àti ìnáwó orí rẹ̀ mọ́ iye tí wọ́n tà á.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín